Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Comala bá Mictlan tan?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé Pedro Páramo tí Juan Rulfo ará Mẹ́síkò kọ ní 1955 ni mò ń kà, orí mi ti dàrú. Juan Preciado wá bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú Comala, àṣé òkú ló kún ibẹ̀. Òun náà kú láàárín ìwé, ó wá ń rojọ́ nínú sàréè! Mo ní láti padà sẹ́yìn tún un kà.

Ṣé Mictlan ni Rulfo ní lọ́kàn, ilẹ̀ òkú àwọn Aztec, ìyẹn àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́, tí òkú ń fi ọdún 4 rìn dé, tí ajá á gbé e kọjá odò? Àbí iná ọ̀run àwọn Kátólíìkì? Mo rí àwòrán ère amọ̀ Mictlantecuhtli, ọba ibẹ̀: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rọ̀ dirodiro lábẹ́ egungun ìhà, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Egungun obìnrin tí Posada, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, yà, tòun ti àkẹtẹ̀ oníìyẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí àwọn òkú Rulfo kàn ń ráhùn ní tiwọn?

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. N ò gbọ́ Sípáníìṣì o.