Ìmọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè pín pip àti setuptools fún kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì?

Alábòójútó Yàrá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ìkáwọ́ mi, íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í dúró. Ubuntu 24.04 ló wà lórí gbogbo wọn, pẹ̀lú Python 3.12. Ṣé kí n kó pip (tó ń fi àwọn àfikún Python sórí ẹ̀rọ), setuptools àti wheel (àwọn tó ń di iṣẹ́ Python sínú fáìlì tí a lè pín) sínú fláàṣì kan ni, àbí ọ̀nà tó sàn jù bẹ́ẹ̀ wà?

Ọmọ Olúmọ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí pip. Láti Python 3.4, tó jáde ní 2014, ni wọ́n ti ń di pip mọ́ Python fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ ensurepip (apá Python tó ń gbé pip kalẹ̀), kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. `python3 -m ensurepip` ti parí ọ̀rọ̀.

Àgbà Tẹ́mínà: Òótọ́ nìyẹn níbòmíràn, àmọ́ Debian àti Ubuntu ya tiwọn sọ́tọ̀. Bí ẹ bá tẹ àṣẹ yẹn níbẹ̀, ẹ̀rọ á kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé inú ohun èlò mìíràn tó ń jẹ́ python3-venv ni wọ́n kó ensurepip sí. Fáìlì .deb (irú fáìlì tí Ubuntu fi ń gba ohun èlò) ti python3-venv àti àwọn tí ó gbára lé ni kí ẹ gbé sínú fláàṣì yín. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi `python3 -m venv`, pẹ̀lú orúkọ fódà kan, ṣí àyè Python tirẹ̀ tó dá dúró, pip á sì wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo `--break-system-packages`, ó ń jẹ́ kí pip fọwọ́ kan Python tí Ubuntu fúnra rẹ̀ ń lò, ó sì lè bà á jẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ.

Ìyá Kóòdù: Ẹnu kò tíì ba setuptools. Python 3.12 ti yọ distutils (ohun èlò ìdìpọ̀ àtijọ́ tó wà nínú Python tẹ́lẹ̀) kúrò, venv rẹ̀ kì í sì í fi setuptools síbẹ̀ mọ́, nítorí náà àwọn iṣẹ́ àtijọ́ kan á máa ṣàròyé pé àwọn kò rí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá kọ̀ǹpútà kan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí Ubuntu àti Python rẹ̀ bá tiyín mu, kí ẹ wá lo `pip wheel -w apo setuptools -r requirements.txt`, (apo ni fódà tí àwọn fáìlì á wà, requirements.txt sì ni àkójọ orúkọ àwọn àfikún tí ẹ fẹ́), kí gbogbo ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe jọ ti di fáìlì .whl, ìyẹn wheel tó ṣe tán, kí ó tó dé yàrá yín. Ẹ yẹ orúkọ fáìlì náà wò: bí ẹ bá rí cp312-cp312, Python 3.12 nìkan ló wà fún. Èyí tó ní py3-none-any kò ṣòjúsàájú, kò so mọ́ irú ẹ̀rọ kan. Ní yàrá, `pip install --no-index --find-links apo setuptools -r requirements.txt` ló kù.

Alábòójútó Yàrá: Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ṣé dandan ni kí fláàṣì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan?

Àgbà Tẹ́mínà: Rárá o. Bí wáyà bá so wọ́n pọ̀, ẹ tan `python3 -m http.server` nínú fódà apo lórí ẹyọ kan, kí ó máa pín àwọn fáìlì fún àwọn yòókù, kí ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí `--find-links`, kí ẹ sì fi `--trusted-host` kún un, torí pé kì í ṣe https.