"Àìyára-ọkọ̀" kọ́ o, ìrọra-tukọ̀ ni

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n wa tó mú "àìyára-ọkọ̀" wá fún ohun tí òyìnbó ń pè ní slow steaming, ìyẹn kí ọkọ̀ akẹ́rù orí òkun dín eré kù kí èéfín rẹ̀ lè dín kù, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n "àì-" yẹn ń dùn mí. Àìsàn, àìní, àìlera: ohun tó yẹ kó wà tí kò sí ni. Ọkọ̀ tó ń ṣe àìyára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló lárùn. Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí lágbára eré. Ẹni tó ń tù ú ló pinnu pé òun ò ní sá a.

Ẹnìkan fèsì pé "àìkú" náà ní àì-, ohun rere sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ikú ni kò sí níbẹ̀. Nínú "àìyára", kí ni kò sí?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an. Bí eré ọkọ̀ bá lé díẹ̀, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ a fò sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dín eré kù ní ìdá 10 nínú 100, agbára náà a dín ní nǹkan bí ìdá 27. Ìrìn-àjò á pẹ́ sí i lóòótọ́, síbẹ̀ epo tí yóò jó láti èbúté dé èbúté á fi nǹkan bí ìdá 19 dín. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008 ni àwọn ọlọ́kọ̀ kọntéénà sọ ọ́ dàṣà, nítorí owó epo. Ọ̀rọ̀ èéfín wá kún un: ní 2018, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé tú jáde, ọkọ̀ ojú omi ló ti wá.

"Ìrọra-tukọ̀" ni tèmi. Ẹni tó lè sáré la ń sọ fún pé kó rọra. Tukọ̀ sì jẹ́ ti omi. Wakọ̀ ti di ti mọ́tò. Ẹni tó dábàá "ẹ̀sọ̀" gbìyànjú, àmọ́ "ẹ̀ṣọ́" ló kọ. Ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ààfin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ṣeré.

Ẹni tó ní kí ará Òṣogbo fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ fún ará etí òkun ńkọ́? Ọdún 1907 ni rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ìyá mi bá wọn kó kòkó sínú rẹ̀ lọ sí Èkó, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e. Òṣogbo ni ẹ sì máa kọ, kì í ṣe "Ọ̀ṣogbo". Ọ̀ṣun ló ni àmì ìsàlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin Ìlàjẹ tó wà níbí, kí lẹ ń sọ nígbà tí atukọ̀ bá dẹ àjẹ̀ láìdúró? Bí ẹ bá ní i, mo ṣe tán láti fi tèmi sílẹ̀ fún un. Àìyára-ọkọ̀ ni mi ò ní gbà.