Ẹ́ńjìnnì ọ́tómátíìkì mẹ́ta, agogo kan ṣoṣo: èwo ni kí n mú?

Dámọ́lá:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń tu owó jọ láti ra agogo ọwọ́ ọ́tómátíìkì, èyí tí kò lo bátìrì, tó jẹ́ síprìǹgì tó ń wé béèyàn bá ń ju ọwọ́ ló ń gbé e rìn. Oníbátìrì ni mo ti ń lò látilẹ̀. Owó ti pé báyìí, orí ló wá dàrú. Mẹ́ta ni mo yà sọ́tọ̀. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ẹ́ńjìnnì inú wọn ló yàtọ̀: NH35 ti Seiko àti Miyota 9015, tí wọ́n jẹ́ ti Jàpáànù, àti Sellita SW200 ti Swítsàlandì. Sellita yìí ló wọ́n jù. Òǹtàjà ti búra fún mi pé ti Swítsàlandì nìkan ni ojúlówó, pé ohun ìṣeré ọmọdé ni ti Jàpáànù. Ṣùgbọ́n ta ló ń tajà tó máa sọ pé èyí tó wọ́n kọ́ ló dáa? Ọwọ́ mi tín-ín-rín, ọ́fíìsì ni màá máa wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi:
Àbúrò, irọ́ ni òǹtàjà yẹn ń pa. Kò sí yẹpẹrẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ rẹ tó o ní ó tín-ín-rín yẹn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí àwọn èèyàn kì í wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe nípọn tó kí wọ́n tó sanwó. NH35 nípọn tó mìlímítà 5.32. SW200 jẹ́ 4.6. 9015 kò ju 3.9 lọ. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ gíláàsì ṣì ń bọ̀ lókè, ìdérí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kó o tó mọ̀, agogo ti ga lórí ọwọ́ bí ìdérí ìkòkò, ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ò ní lè bò ó.

Wo bí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ṣe ń rìn náà. NH35 ń lù nígbà 21,600 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì yòókù ń lù nígbà 28,800, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Tiwọn ń yọ́ lọ, ti NH35 ń ta kín-ín-kín-ín. Àwọn kan ò lè fara da títa yẹn. Èmi ò rí i mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì.

9015 ni kó o mú.

Ṣadé:
9015 ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó dáa, àmọ́ ó ń pariwo o! Irin tó dà bí ààbọ̀ òṣùpá lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń yí béèyàn bá ń ju ọwọ́, apá kan ṣoṣo ló ti ń wé síprìǹgì. Bó bá yí sí apá kejì, kò sí ohun tó ń dá a dúró, á kàn máa yí fìrìfìrì. Wàá gbọ́ ọ, wàá sì mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo rò pé nǹkan ti já nínú rẹ̀. Ti Seiko kì í ṣe bẹ́ẹ̀, apá méjèèjì ló ti ń wé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá lọ́dún 1959 nìyẹn, Magic Lever ni wọ́n ń pè é, òun ló sì wà nínú NH35 dòní.

Lánre:
Ẹ má bínú sí mi o. Agogo bátìrì lásán-làsàn kì í sábà sáré tàbí falẹ̀ ju bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lóṣù. NH35 yìí, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló sọ pé ó lè fi 20 falẹ̀ tàbí kó fi 40 sáré, lójúmọ́ kan! Kí la wá ń rà?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi:
Lánre, ẹni tó ní ẹṣin lòun fẹ́ gùn, o ní mọ́tò yá jù ú lọ. Ta ló bá ẹ jiyàn? Ààlà orí ìwé ni 20 àti 40 yẹn. Tèmi ń sáré bí 8 lójúmọ́. Kódà agogo tí COSC, àwọn tó ń dán agogo wò ní Swítsàlandì, bá fún níwèé ẹ̀rí, wọ́n gbà á láyè kó falẹ̀ 4 tàbí kó sáré 6.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ mìlímítà, ẹ ò bi ọmọ yìí pé ọjọ́ mélòó ló máa wọ agogo lọ́sẹ̀. Dámọ́lá, ṣé ojoojúmọ́ ni?

Dámọ́lá:
Rárá mà. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni. Bí mo bá ti bọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ìbejì:
Ó dáa, jẹ́ ká ṣírò. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí 59 nìyẹn. NH35 lè dá rìn lórí tábìlì fún wákàtí 41, 9015 fún 42, SW200 fún 38 tàbí 41, ó kù sí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó wọ̀, gbogbo wọn ti sùn.

Àkọ́kọ́ tèmi, ẹ́ńjìnnì Seiko kan tó ń jẹ́ 7S26 ló wà nínú rẹ̀. Òun ò ṣeé fọwọ́ yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti wé síprìǹgì rárá, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ kì í sì í dúró béèyàn bá fẹ́ tò ó mọ́ rédíò. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mò ń mì ín bí ẹni ń po oògùn inú ìgò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tìẹ ló ṣeé fọwọ́ yí. Yí i bí ogún ìgbà, tò ó, wọ̀ ọ́ jáde. SW200 nìkan ni kó o rọra yí, torí ẹni tó ń bá mi tún agogo ṣe kìlọ̀ fún mi pé eyín kéékèèké inú rẹ̀ tètè ń jẹ bí a bá ń fọwọ́ yí i jù.

Lánre:
Ṣé kò wá sí èyí tó lè dé wákàtí 59 ni?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi:
Ó wà. Powermatic 80 inú àwọn agogo Tissot kan, wákàtí 80 ló ń rìn. Wọ́n dín lílù rẹ̀ kù sí 21,600 kí agbára síprìǹgì lè pẹ́. Àmọ́ irin kékeré tí àwọn atúnagogoṣe máa ń sún síwá sẹ́yìn kí agogo lè yá tàbí kó falẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tò ó. Kì í ṣe gbogbo atúnagogoṣe ló máa fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì:
Ìdí tí mo fi dúró sórí NH35 nìyẹn. Àìmọye ilé iṣẹ́ agogo ló ń rà á, ó pọ̀ níta. Bó bá rẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lódindi, wọ́n á fi òmíràn sí i, owó rẹ̀ kì í sì í gani lára. Ẹni tó bá ní SW200 ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, á sanwó kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òróró sí i.

Dámọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Mo padà lọ lánàá, mo wọ̀ wọ́n wò pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lọ́rùn. Èyí tó ní NH35 nínú há sí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ní láti máa fi ìka tì í. 9015 wọlé wẹ́rẹ́. Mo tún mì ín létí, mo gbọ́ ariwo tí Ṣadé sọ, ẹ̀rín ló pa mí. Òun ni mo rà. Ìbéèrè kan ló kù: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, báwo ni mo ṣe máa yí déètì rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi:
O kú oríire. Má sáré yí déètì nígbà tí agogo bá wà láàárín mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, torí eyín tó ń gbé déètì ti kọ́ra nígbà yẹn, o lè ṣẹ́ ẹ. O ò sì lè mọ̀ bóyá alẹ́ tàbí ọ̀sán ló dúró. Kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú títí déètì á fi yí, máa bá a lọ dé aago mẹ́fà. Àárọ̀ nìyẹn. Wá yí déètì sí ti àná, kó o yí ọwọ́ rẹ̀ síwájú títí á fi bọ́ sí tòní.

Ṣadé:
Má sì gbé e sórí sípíkà tàbí ìbòrí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní òòfà o. Bí òòfà bá mú síprìǹgì tín-ín-rín bí irun tó ń darí lílù rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Dámọ́lá:
Áà! Orí sípíkà gan-an ló sùn lánàá.

Ṣadé:
Dìde, lọ gbé e kúrò.