Ìkìlọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń dà gììrì lóru: ṣé kí n pa á ni?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé kan n'Íbàdàn. PRTG, sọ́fítíwíà tó ń fi sẹ́ńsọ̀ ṣọ́ ẹ̀rọ, la fi ń ṣọ́ router, àwọn switch (àpótí tó so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì), UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ) àti ooru yàrá sáfà. Bí NEPA bá mú iná lọ lóru, kí gẹ̀n tó gbé e, ìkìlọ̀ á ti kún fóònù mi bámúbámú: switch kú, kámẹ́rà kú, Wi-Fi kú. Iná á dé, gbogbo wọn á tún ránṣẹ́ pé àwọn ti jí. Láìpẹ́ yìí, ìkìlọ̀ pé yàrá sáfà ń gbóná wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó rí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Iná ti dé, ẹ́sì (AC) yàrá náà ò padà tàn. Ọ̀gá wa wá ní kí n máa pa ìkìlọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn, Abẹ́òkúta:
Má pa á o, àbúrò. Dependency, ìyẹn ètò tó ń so ẹ̀rọ mọ́ olórí rẹ̀, ni kò sí níbẹ̀. Fi sẹ́ńsọ̀ ping (èyí tó ń wò bóyá ẹ̀rọ ń dáhùn) ti switch àgbà ṣe olórí fún gbogbo ohun tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bó bá kú, PRTG á dá àwọn tó kù dúró fúnra rẹ̀, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo lo máa gbà. Kámẹ́rà tó ní ó kú yẹn lè wà láàyè o. Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dí.

Ìdáhùn, Ìkẹjà:
Ẹ bá ọ̀gá yín ra inverter 😂

Ìdáhùn, Òṣogbo:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò ìdúró náà. Ẹ jẹ́ kó ju iye ìṣẹ́jú tí gẹ̀n yín fi ń gbé iná lọ, kí ìkìlọ̀ tó jáde. Ooru ni kẹ́ ẹ má fi sábẹ́ òfin yẹn. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kó máa wá bí SMS, pẹ̀lú ohùn tó yàtọ̀ lórí fóònù. Ìwọ̀n 18 sí 27 lórí Celsius ni ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, dábàá fún atẹ́gùn tó ń wọ ẹ̀rọ, nítorí náà kó máa kìlọ̀ ní 27, kó pariwo ní 32. Ẹ má sì gbàgbé bátìrì UPS: bí ooru bá fi nǹkan bíi 10 ju 25 lọ, ọjọ́ ayé bátìrì lẹ́ẹ̀dì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ́sì tí kò tàn yẹn ń jẹ bátìrì yín láìsọ̀rọ̀.

Ìdáhùn, Abẹ́òkúta:
Ẹ́sì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní kí oníná yín wá ẹ̀yà tó máa ń tàn padà fúnra rẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti so àwọn switch mọ́ olórí wọn, màá fi ti ooru han ọ̀gá wa lọ́la. Kámẹ́rà géètì nìkan ló kù. Ẹni tó so ó ti kúrò níbí, kò sì sí ìwé kankan tó sọ switch tí wọ́n so ó mọ́. Mò ń lọ tọ wáyà ẹ̀ báyìí.