Ìlù, ìjálá àti igbó: ẹ wá sọ èyí tí ẹ fi etí ara yín gbọ́

Ọmọ Ọdẹ
Èmi tí mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí wọ́n papòdà, ẹgbẹ́ ọdẹ ní dandan ni kí àwọn ṣe ìṣípà, ètùtù ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú. Èmi ará Èkó, ìrẹsì ni mo ń wá kiri. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n mú ìrèmọ̀jé, ewì tí ọdẹ fi ń dárò ọdẹ, bọnu. Kò sí makirofóònù, kò sí sípíkà. Ohùn àgbàlagbà kan tó há díẹ̀ ni. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ki Ògún, wọ́n ki òkú, wọ́n wá dórí ẹran: erin, ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, títí kan ọ̀kẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ki àgbọ̀nrín, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú bí èyí tí wọ́n lé tìróò sí, bó ṣe ń bojú wẹ̀yìn kó tó tẹnu bomi, ẹ ó rò pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni.

Mo bi bàbá tó jókòó tì mí: "Bàbá, ṣebí ẹran tí ẹ ń pa náà lẹ tún ń kì?" Wọn ò tilẹ̀ wò mí. "Ẹni tí kò mọ ìwà ẹran, níbo ni yóò ti rí i pa?" Àbúrò mi kékeré bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí erin rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi rí i. Ẹnu ìjálá lèmi ti mọ̀ ọ́n."

Mi ò lè jẹ ìrẹsì mọ́. (Irọ́ ni, mo jẹ ẹ́, àmọ́ ó ti tutù.)

Ará J4
Erin ò tíì tán o! Wọ́n ṣì wà nínú igbó Ọmọ̀ níbí, ní abúlé J4, ní Ìjẹ̀bú. Mo ti rí ojú ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀, ó fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ẹ ní kí bàbá yẹn tètè wá, kí agégẹdú àti olóko kòkó tó gba igbó náà tán.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo
Tèmi ò dùn bẹ́ẹ̀. Mo ti ń lọ ọdún Ọ̀ṣun kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Bí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, bá ń bọ̀, tí bàtá àti dùndún wọnú ara wọn, àwọn ọ̀bọ a máa sá lọ sókè igi. Lọ́dún kan, a ń kọ ọ́ lórin pé Ọ̀ṣun ló ń fi omi tútù wo ọmọ, ni mo bá wo odò. Ó pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ló dà á rú. Obìnrin iwájú mi bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e tì, ó já píọ́ wọ́tà mu, ó sì padà sínú orin. Ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù.

Àyàn, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ̀yin ń sọ ti ẹran, igi ńkọ́? Ẹni tó gbẹ́ ìyá ìlù mi fún bàbá mi ní Ẹdẹ, igi ọmọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ló wá. Ó ní èyí tó wà nínú igbó kìjikìji ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn rí, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣeré ìgbéyàwó níbí, òjò ń rọ̀ níta, awọ ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Mo ní kí ìlù náà ki ìyàwó, ńṣe ló ń kùn bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Mo fa ọṣán, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ìlù le, títí, pàbó. Nílé, a máa ń gbé e yáná ni. Mo bá gbé e ti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, mo ń yí i bí ẹni ń yí àgbàdo, àwọn àlejò ń yà mí ní fọ́tò. Nígbà tí mo tún fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, orúkọ ìyàwó jáde ketekete, oríkì tẹ̀lé e. Ìyá ìyàwó dìde lórí àga, wọ́n ń dá ìlù lóhùn.