Apá ọ̀tún rìsífà àtijọ́ mi ń dákẹ́, á tún padà fọhùn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo ní rìsífà sítẹ́rió kan (rédíò àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fún sípíkà, nínú àpótí kan náà) tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1977, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé n kì í fẹ́ fi ẹ̀rọ mìíràn gbọ́ orin. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni apá ọ̀tún rẹ̀ ti ń dákẹ́ lójijì. Nígbà mìíràn, bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, apá òsì nìkan ni yóò máa kọrin. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, apá méjèèjì yóò jọ máa lọ dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀tún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín, yóò máa ha bí ohùn ẹni tí òtútù mú lọ́nà ọ̀fun, kí ó tó dákẹ́ pátápátá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí mo bá yí ohùn sókè gan-an, yóò ṣàdédé padà, n ó sì lè yí i wálẹ̀ láìjẹ́ pé ó tún dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Atúnṣe kan tí mo gbé e lọ bá sọ pé àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́, ló ti gbẹ, pé kí a pààrọ̀ gbogbo wọn. Ọkàn mi kò gbà á, nítorí kò tilẹ̀ ṣí ẹ̀rọ náà kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo lè lo mítà, mo sì lè fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì tún irú ẹ̀rọ báyìí ṣe rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ pààrọ̀ wáyà sípíkà lẹ́yìn rẹ̀, kí ti òsì bọ́ sójú ti ọ̀tún, kí ti ọ̀tún bọ́ sójú ti òsì, kí ẹ wá tan án padà. Bí sípíkà tó ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ náà bá ṣì ń dákẹ́, òun tàbí wáyà rẹ̀ ni ẹ óò bá wí. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ṣí lọ sí sípíkà kejì, inú rìsífà tàbí ohun tó ń gbé orin wọ inú rẹ̀ ni àrùn wà. Ẹ wá fi rédíò inú rẹ̀ dán an wò: bí rédíò náà bá ń dákẹ́ lápá kan, ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn láti òde bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ìdáhùn kejì

Ohun tí ẹ sọ, pé ohùn ń padà nígbà tí ẹ bá yí i sókè, ni mo dì mú. Kàpásítọ̀ tó gbẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú irin tó ti pẹtà ló ń ṣe é: ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ibi tí irin méjì ti ń pàdé, iná tó kéré kò lè là á kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá yí ohùn sókè, iná tó ń bọ̀ yóò lágbára tó láti fọ́ ọ, ọ̀nà yóò sì là fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fura sí ni rílè. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ẹ óò gbọ́ “kà” nínú rẹ̀. Rílè nìyẹn, súwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tì pa, tó ń dá sípíkà dúró títí inú ẹ̀rọ yóò fi fìdí múlẹ̀, tó sì ń já a kúrò bí iná DC (iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) bá fẹ́ gba ibẹ̀ ba sípíkà jẹ́. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa nígbà tí ohùn bá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ rìsífà, rílè kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún apá méjèèjì, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ “kà” tí apá méjèèjì sì jọ dákẹ́, ẹ̀rọ náà ń dáàbò bo sípíkà ni, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí apá kan ṣoṣo bá dákẹ́ láìsí “kà” kankan, rílè kò ṣí. Ojú irin apá kan nínú rẹ̀ ni kò pàdé dáadáa mọ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bí irin kékeré tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bá wà láàárín ihò tí wọ́n kọ pre-out sí (ibi tí ohùn ti ń jáde láti ìdajì iwájú) àti èyí tí wọ́n kọ main-in sí (ibi tó ti ń wọ ìdajì ẹ̀yìn), ẹ ti rí ọ̀nà láti pín ẹ̀rọ náà sí méjì. Ẹ pa á, ẹ yọ àwọn irin náà, kí ẹ fi wáyà RCA, wáyà ohùn tí a ń kì bọ irú ihò bẹ́ẹ̀, so pre-out òsì mọ́ main-in ọ̀tún, kí ẹ sì so ti ọ̀tún mọ́ ti òsì. Bí apá ọ̀tún bá ṣì ń dákẹ́, ìdajì ẹ̀yìn ni àìsàn wà, níbi tí rílè àti súwíìṣì sípíkà wà. Bó bá jẹ́ òsì ló wá ń dákẹ́, ìdajì iwájú ni, ibi tí bọ́tìnnì fólúùmù àti àwọn súwíìṣì ojú rẹ̀ wà. Ẹ nu irin tí ẹ yọ náà kó dán, torí òun fúnra rẹ̀ máa ń pẹtà, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú láìnídìí.

Ìdáhùn kẹta

N kò takò ọ̀rọ̀ rílè, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé bọ́tìnnì tape monitor, èyí tí a ń tẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀rọ téèpù. Orin gbogbo ló ń gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í fọwọ́ kàn án fún ọdún gbọọrọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé-jáde nígbà ọgbọ̀n, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún balance (èyí tó ń pín ohùn láàárín òsì àti ọ̀tún), fólúùmù àti súwíìṣì sípíkà. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ fún oògùn ojú iná, èyí tí wọ́n ṣe láti fi fọ ojú irin tí iná ń gbà kọjá, sí wọn nínú. Òróró tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dógùn-ún kò yẹ níbẹ̀ rárá.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ṣí lọ sí sípíkà kejì, rédíò náà sì ń dákẹ́ bákan náà. Irin kékeré náà wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo pààrọ̀ ọ̀nà, apá ọ̀tún ló ṣì ń dákẹ́. Títẹ bọ́tìnnì mú kí ariwo híha tí fólúùmù ń pa dínkù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò gbọ́ “kà” kankan nígbà tí ohùn lọ.

Ìdáhùn kejì, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ó ti ń hàn. Ẹ fi mítà sórí fóltì AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀, irú èyí tó ń gbé orin), kí orin máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì wọn ìkọjá ojú irin rílè ti apá tó dákẹ́, ẹnu mítà kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún. Ojú irin tó pàdé dáadáa yóò fi òdo tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo hàn. Ẹ fara balẹ̀ o, nítorí bí ẹnu mítà bá yọ̀ tó kan ibòmíràn, tiransísítọ̀ ńlá tó ń fi agbára fún ohùn lè jó lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi mítà wọn àwọn kàpásítọ̀ ńlá títí iná inú wọn yóò fi tán, kí ọwọ́ yín tó wọlé. Ẹ ṣí ìdérí rílè, ẹ gé bébà líle tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi oògùn ojú iná rin ín, ẹ fi sáàárín ojú irin méjèèjì, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fà á jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo sáńpépà. Yóò dára fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ha fàdákà tí wọ́n fi bo ojú irin náà dànù, ìpẹtà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì yára ju ti ìṣáájú lọ.

Olùbéèrè

Òdo ni mo kà lápá òsì. Lápá ọ̀tún, 0.6 fóltì. Mo fa bébà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìlà dúdú kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló bá a jáde nígbà àkọ́kọ́, nígbà kẹrin ó mọ́ funfun. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ náà, ohùn ọ̀tún wọlé pẹ̀lú ti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì tínrín fún wákàtí mẹ́ta.

Mo tún wọn iná DC tó ń lọ sí ojú sípíkà: 18 millivolt lósì, 23 lọ́tùn-ún.

Ìdáhùn kejì

Ìwọ̀n náà dára, kò dé 50. Bébà yẹn ra àkókò fún yín ni o. Ẹ wá rílè tuntun tí fóltì rẹ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́ mu, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tò bákan náà. Ẹ fi kàpásítọ̀ sílẹ̀ ná.

Olùbéèrè

24 fóltì ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti ránṣẹ́ rà á, n ó sì fi í sí i tó bá dé.