Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti dípẹtà: ta ló lè bá mi tún un ṣe n'Íbàdàn?

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ yìí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má bínú tó bá gùn. Bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ṣakí, wọ́n papòdà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Èmi ni àkọ́bí. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé wọn wọ igbó nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń sùn. Ìbọn ṣakabùlà wọn, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ni mo ní kí n mú nínú ogún, n ò bèèrè ilẹ̀, n ò bèèrè ilé. Àfi bí àbúrò bàbá mi ṣe dìde láàárín ẹbí tó ní òun lòun máa gbé e lọ! Ẹni tí kò wọ igbó ọdẹ rí! Nígbà tí bàbá wà lórí àìsàn, ẹ̀ẹ̀kan ló yọjú, ìta ló sì jókòó sí. Ọjọ́ ìsìnkú ló wá di olórí ẹbí, tó ń pín ẹran bó ṣe wù ú.

Mo ti gbé ìbọn náà wá sílé mi n'Íbàdàn kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo. Ìpẹtà ti bo irin rẹ̀, ikán ti fọwọ́ ba igi ìdí rẹ̀, awọ tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká ti já. Ìyàwó mi ní kí n gbé e kúrò nílé, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá. Wẹ́dà kan ládùúgbò wa ní òun á fi iná ra irin náà kí ìpẹtà lè hó dànù, òun á wá fọ́n ọ̀dà dúdú sí i. Ṣé kí n gbé e fún un, àbí kí n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ fúnra mi? Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn ni mo fẹ́, ẹ má sọ pé kí n jù ú nù.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ̀yìn bàbá á dára. Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yìí dùn mí dọ́kàn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wa. Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ màmá wa ni tiwa, ẹ̀gbọ́n màmá wá gbé e lóru, ó tà á. Títí di òní a kì í kíra wa. Ẹ má fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀.

Jídé Mẹkáníìkì
Kẹrosíìnì dára. Ẹ fi kànrìnkàn onírin tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ wá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á. Bí mo ṣe ń ṣe irinṣẹ́ mi nìyẹn.

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Jídé, dákẹ́ ná. Ọmọ Ọdẹ, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kan irin yẹn o, ẹ má sì ha á. Ìbéèrè kan ni mo ní: ìgbà wo ni wọ́n yìn ín gbẹ̀yìn? Ṣé ẹ mọ̀ dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀?

Tòkunbọ̀ Houston
Ẹ ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Níhìn-ín ní Texas, ìbọn bàbá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ ka èyí tí wọ́n ṣe títí di 1898 mọ́ ìbọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ gbé ti bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Arákùnrin, gbé e kọ́ pálọ̀ rẹ.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí
Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n Houston. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bá yín gba ẹ̀tọ́ yín. Àbúrò bàbá mi tún pè láàárọ̀ yìí, ó ń pariwo lórí fóònù bíi pé mo jalè. N ò dá a lóhùn.

Lọ́yà Abẹ́òkúta
Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston, òfin Texas kò dé Ìbàdàn. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1959, pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìbọn àwọn sójà àti ìbọn ìléwọ́ wà nínú èyí tí wọ́n kà léèwọ̀. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọdẹ wà nínú èkejì. Ṣakabùlà wà nínú ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò lè gba ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Orúkọ ẹnì kan ló máa ń wà lórí rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kú, ìwé náà kì í di ogún. Ọmọ Ọdẹ, ṣé bàbá ní ìwé? Báwo lẹ sì ṣe gbé e dé Ìbàdàn?

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí
Ìwé wà nínú àpò awọ wọn, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀. Àpò ìrẹsì ni mo dì í sí, mo wọ ọkọ̀ èrò. Ta ló fẹ́ yẹ àpò ìrẹsì wò? Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn tó ti dípẹtà kì í ṣe ìbọn mọ́, irin lásán ni. Ọ̀rọ̀ bí ó ṣe máa dán ni mo bi yín.

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Mo tún un bi yín: ìgbà wo ni wọ́n yìn ín gbẹ̀yìn?

Jídé Mẹkáníìkì
Bàbá, ìbọn tó ti pẹ́ báyẹn, kí ló tún fẹ́ dún? Ẹ̀tù inú rẹ̀ ti kú.

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Ẹ̀tù kì í kú tí omi ò bá kàn án. Ó lè wà nínú ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tí iná bá kàn án ló máa dáhùn. Mo mọ alágbẹ̀dẹ kan tí wọ́n gbé irú rẹ̀ fún, wọ́n ní ó ti ṣófo. Ó ti irin náà bọ iná ẹwìrì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi san án. Mẹkáníìkì ni ẹ́, bá wa sọ̀rọ̀ mọ́tò.

Jídé Mẹkáníìkì
Ẹ má bú mi o, bàbá. Ìmọ̀ràn ni mo fún un.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. Ọmọ Ọdẹ, ẹ dá bàbá lóhùn.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí
Ó dáa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, oko ọdẹ ni wọ́n ti dé. Wọn ò rí ẹran pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ìbọn kọ́ ògiri bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọn ò sì gbé e mọ́ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Nítorí náà n ò mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mi ti gbé e ṣeré lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo fi sí, ó ń fà á, kò dún. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ̀jẹ̀ Jésù!

Lọ́yà Abẹ́òkúta
Ọmọ Ọdẹ, ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò nínú yàrá yẹn báyìí. Báyìí gan-an.

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Ọdẹ tó lọ sóko tí kò pa nǹkan, tó gbé ìbọn kọ́ lálẹ́, ìbọn tí ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀ ló gbé kọ́ yẹn. Ọjọ́ tí ọmọ fà á, Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má gbé e wò, ẹ má yọjú wo ẹnu rẹ̀, ẹ má ti igi bọ ẹnu rẹ̀ láti wọn ohun tó wà nínú. Ẹ má da omi sí i kí ẹ wá rò pé ó ti tán. Omi lè má dé ìdí. Ẹ mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí, kí ẹnikẹ́ni má kọjá níbẹ̀, kódà lẹ́yìn ògiri. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ọdẹ tó mọ̀ ọ́n ló máa wá tú u níbẹ̀.

Lọ́yà Abẹ́òkúta
Bàbá, ẹ má bínú, àgọ́ ọlọ́pàá ni kó kọ́kọ́ pè. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìwé. Tí ọdẹ bá wá gbé e, àwọn méjèèjì lọ́rọ̀ máa kàn.

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Ọlọ́pàá tí kò mọ ṣakabùlà á gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ pe àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e.

Lọ́yà Abẹ́òkúta
Mo gbà. Kí ó mú ìwé bàbá àti ẹ̀rí pé wọ́n ti kú dání, kó sọ fún wọn pé òun fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn títí òun yóò fi bèèrè ìwé tòun. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ jáde sọ̀rọ̀ kì í dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́lé.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí
Mo ti ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ní ti ọdẹ, àbúrò bàbá mi sọ pé Olú Ọdẹ ló rán òun kí òun gbé ìbọn náà wá, pé wọ́n fẹ́ tú u kí wọ́n tó ṣe ìpà ọdẹ, ètùtù tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú, fún bàbá. Ó ti sọ ọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ láàárín èrò kò bọ̀wọ̀ fún mi, ìdí nìyẹn tí n ò fi fún un.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Háà! Olú Ọdẹ ló rán an, ẹ sì jẹ́ kí n máa bá yín bínú sí i láti òwúrọ̀!

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Ẹ pè é padà. Kí ó bá Olú Ọdẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n rán ẹni tó ń gbé n'Íbàdàn wá; àwọn ọdẹ Ṣakí ní èèyàn níbẹ̀. Ìjà ẹbí lè dúró. Ẹ̀tù bàbá tó kù ńkọ́? Ó máa ń wà nínú akèrègbè kékeré tàbí ike.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí
Mo ti ń pe àbúrò bàbá, ó ń dún. Ike ẹ̀tù náà wà ní kíṣìnì, lókè kọ́bọ́ọ̀dù, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà tó o.

Àgbà Ọdẹ Òkè Ògùn
Ẹ pa gáàsì. Ẹ má ṣáná, ẹ má tan sítóòfù lónìí. Ẹ fi ike náà sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹni tó bá wá tú ìbọn kó o pọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi tí àbúrò bàbá bá gbé fóònù.